Ọjọ́ Tí Iná Kú Lábẹ́ Ìkòkò Àwọn Ọmọ Wa

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ohùn mi kò rìn jìnnà mọ́, ohun tí mo sì fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń pariwo sọ. Ẹ ti ń bi mí pé kí ló dé tí mo máa ń dákẹ́ bí ọ̀rọ̀ agboolé wa bá ti délẹ̀, èmi tí mo máa ń ròyìn àná títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìtìjú ni. Ojú ń ti àgbà náà. Àgbà tí ojú kì í tì, ẹ má bá a rìn.

Ẹ̀yin náà mọ bí agboolé wa ṣe rí lónìí: ògiri níbí, géètì lọ́hùn-ún, yàrá tí a fi háyà fún àwọn ọmọ Pólì. Nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sí ògiri kankan láàárín wa. Àgbàlá kan ṣoṣo ni, ó fẹ̀, igi ìṣin wà láàárín rẹ̀, ilé ìdáná sì tò yí i ká. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, tí ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Ìlọrin bọ̀ bá ti fọn fèrè rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀ yẹn, ni odó á bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Odó ìyá mi máa ń dún wúwo, ó máa ń rọra. Ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi máa ń yára bí ẹsẹ̀ ẹni tí òjò ń lé bọ̀ láti oko. Bí mo bá di ojú mi, mo mọ ẹni tó ń gúnyán, mo sì mọ ẹni tí inú ń bí.

Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé ọmọ ta ni ọmọ yìí. Ọmọ tí ebi bá ń pa á yà sí ilé ìdáná tí èéfín rẹ̀ bá kọ́kọ́ jáde, á sì jókòó. Wọ́n á gbé abọ́ kan sílẹ̀, gbogbo wa á yí i ká. Ẹni tó dàgbà jù láàárín wa ló ń pín ẹran, òun ló sì ń mú tirẹ̀ kẹ́yìn. Bí ó bá mú èyí tó tóbi fún ara rẹ̀, orúkọ rẹ̀ á bàjẹ́ títí di ìgbà tí yóò fi gbéyàwó.

Mo rántí ọjọ́ kan ní ìgbà ànàmọ́ tuntun. Ẹ mọ̀ pé Ọ̀fà àti ànàmọ́, bí ìka àti èékánná ni. Mo jẹ èyí tí a sun lóko, mo délé, mo jẹ sísè lọ́dọ̀ ìyá bàbá mi, mo jẹ díndín lọ́dọ̀ ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, mo sì tún jẹ iyán ní ojúlé kejì. Ìgbà tí ìyá mi wá gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá, n kò lè fẹnu kàn án. Ó fọwọ́ kan ọrùn mi, ó ní ibà ti mú ọmọ òun. Ó se àgbo dọńgóyárò, ó korò ju iwọ lọ. N kò lè jẹ́wọ́, mo gbé e mu. Gbogbo àwọn ìyá tó ti bọ́ mi lọ́jọ́ náà wá kí mi lórí ẹní, olúkúlùkù mọ ohun tí òun fún mi jẹ, wọ́n ń wojú ara wọn. Kò sí ọ̀kan tó tú mi fó. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo ti níyàwó ni ìyá mi tó gbọ́ ọ, ó sì rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Bí Iléyá bá dé, àwa ọmọ là ń gbé ẹran lọ sílé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó múlé gbè wá. Bí Kérésì bá dé, ìrẹsì wọn á kún ilé wa. A kì í dúró ronú sí i. Ẹni tó mọ̀ pé òun náà ní ohun tí òun yóò gbé padà kì í tijú gbà. Ọ̀rọ̀ yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí òun ni kò jẹ́ kí n lè gbójú sókè nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

N kò lè sọ ọjọ́ tí nǹkan yí padà. Ọkọ̀ ojú irin kò wá déédéé mọ́. Àwọn ọmọkùnrin gba Èkó lọ, àwọn mìíràn gba Ìlọrin. A pín ilẹ̀, a mọ ògiri sórí ibi tí a pín. Sítóófù dé, lẹ́yìn rẹ̀ gáàsì dé, ìyàwó kọ̀ọ̀kan sì gbé ìdáná rẹ̀ wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ẹ má bá àwọn obìnrin wí. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò tó ọmọ tirẹ̀ kò lè ṣílẹ̀kùn kí èéfín máa pe ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ la ṣe di ará ilé kan náà tí kò mọ ohun tí èkejì ń jẹ, tí kò sì mọ̀ bóyá ó ń jẹ.

Obìnrin kan wà ní ìsàlẹ̀ rélùwéè, gbogbo èèyàn ń pè é ní Mummy Tíṣà. Ìjọ Áńgílíkà ló ń lọ. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ. Òun àti àwọn bíi mélòó kan nínú ìjọ wọn dá ẹgbẹ́ àánú kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tálákà tó ń gbé àwọn yàrá àtijọ́ tó wà lẹ́bàá ojú irin: ọmọ ọlọ́kadà, ọmọ opó, ọmọ àwọn tó ń ṣa irin àlòkù. Bí ilé ìwé bá ti jáde, àwọn ọmọ á wá sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á kọ́ wọn ní kíkà àti ìṣirò, lẹ́yìn náà wọ́n á fún wọn ní oúnjẹ gbígbóná. Ọmọ tí wọ́n bá lé kúrò ní ilé ìwé nítorí owó, wọ́n á lọ dá a padà. Wọn kì í béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ọmọ.

N kò mọ̀ pé àwọn ọmọ tiwa ń lọ síbẹ̀. Sikirat ló jẹ́ kí n mọ̀. Ẹ mọ Sikirat, ọmọ Ráfíù. Àbúrò mi tó ti dolóògbé ló bí Ráfíù. Ráfíù lọ sí Èkó, ó pẹ́ kí a tó gbúròó rẹ̀, ìyá ọmọ náà sì ń bá àwọn ọmọ Pólì fọṣọ. Nígbà náà Sikirat kéré débi pé kò lè gbé garawa omi tó kún. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń yí ìgò oògùn mi káàkiri lọ́wọ́, ó gbà á, ó sì kà á jáde fún mi pé ẹ̀yìn oúnjẹ ni kí n máa lò ó. Inú mi dùn. Mo bi í pé tíṣà wo ló kọ́ ọ tó báyìí. Ó ní Mummy Tíṣà ni, ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí àwọn ti ń jẹun.

Inú tó dùn yẹn korò lójijì. Ọmọ ilé wa ń gbé àwo lọ jẹun níta?

Mo sọ ọ́ fún Alhaji Múdà, ọmọ àbúrò bàbá mi, ẹni tó ń ta pákó ní Ìlọrin. Òun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń múlẹ̀ jù nínú wa. Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e ló wálé, a pe gbogbo ilé jọ. Ó ní wọ́n ń fi orúkọ Jésù gbàdúrà sórí oúnjẹ tí àwọn ọmọ wa ń jẹ. Ó ní ìyẹn gan-an kò dun òun tó pé gbogbo ìlú á máa sọ pé àwọn ọmọ wa kò ní bàbá. Ìyá Sikirat fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ní kó dúró. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀. Àwa tilẹ̀ fẹ́ bá ẹni tó gbé oúnjẹ dání jà. Èmi tí mo dàgbà jù ni ó yẹ kó pẹ̀tù sí i, èmi gan-an ni mo wá la ẹnu tó tóbi jù lọ.

Mo ní, "Ọmọ ilé yìí kan kò ní gbé àwo lọ sílé ẹlòmíràn mọ́ níṣojú mi."

A fẹnu kò pé a óò dá ìkòkò àtijọ́ padà. Ìkòkò kan fún gbogbo ọmọ inú agboolé, lábẹ́ igi ìṣin, ojúlé kọ̀ọ̀kan á máa gba ọjọ́ tirẹ̀. Alhaji ní òun tí òun wà ní Ìlọrin, òun á máa fi oúnjẹ ránṣẹ́ fún ọjọ́ tòun.

Èmi àti òun la lọ sọ fún Mummy Tíṣà. A bá a níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó wá àga fún wa. A ní a dúpẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ní ilé. Ó béèrè bóyá wọ́n lè máa wá fún ìwé nìkan. Alhaji ní rárá.

Mummy Tíṣà wá sọ fún mi pé, "Ó dáa, Daddy. Bí ó bá di ọjọ́ kan tí oúnjẹ yín pẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bọ̀. A kì í tilẹ̀kùn."

Nígbà tí a jáde, mo sọ fún Alhaji pé èébú ni obìnrin náà bú wa. Mo kà á sí èébú nítòótọ́, nítorí ó ti rí ohun tí èmi kò fẹ́ rí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ dùn. Àwọn ìyàwó gbé ìkòkò irin ńlá tó ti wà lájà jáde, wọ́n fi yanrìn bó o. Ojúlé tó kọ́kọ́ gbà á gúnyán. Mo jókòó lábẹ́ igi, odó ń dún, àwọn ọmọ pagbo, mo sì ń sọ fún wọn bí a ṣe máa ń pín ẹran. Ọmọ Pólì kan tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wa fi fóònù ya àwòrán wa. Alhaji fi í ránṣẹ́ sí àwọn mọ̀lẹ́bí tó wà lókè òkun, àdúrà sì ń rọ̀ bí òjò, wọ́n ní a ti gbé orúkọ bàbá wa dúró. Àdúrà nìkan ló wá o. Mo wú bí búrẹ́dì.

Wọ́n ní ààrò mẹ́ta ni kì í jẹ́ kí ọbẹ̀ dànù. Ààrò tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó kan lọ sí ìkómọ ní Ìjagbo lọ́jọ́ tó kàn án, ẹni tó bá a gbà á kò sì rí ẹni tó dá tirẹ̀ padà. Òmíràn sè é, ṣùgbọ́n ó ti bu ti àwọn ọmọ tirẹ̀ pamọ́ kó tó pe àwọn yòókù. Òmíràn kàn sọ fún mi pé ọkọ òun kò tíì fi nǹkan kan ránṣẹ́, ó sì wo ilẹ̀. N kò lè bínú sí i. Ṣùgbọ́n n kò sọ̀rọ̀. Mo ń bẹ̀rù pé bí mo bá sọ ọ́ jáde, yóò di òtítọ́.

Ọjọ́ tó kan Alhaji dé. Dírẹ́bà tó máa ń bá a gbé ẹrù wá kò dé. Mo pe fóònù rẹ̀, ó dún, ó dún, kò gbé e. Àwọn ọmọ ti dé láti ilé ìwé, wọ́n ti jókòó yí ìkòkò ká pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Ìkòkò tutù bí omi àmù. Mo sọ fún wọn pé oúnjẹ wà lọ́nà. A kírun Àsárì, oúnjẹ ṣì wà lọ́nà. Ní ojúlé kan nínú agboolé náà, ẹnì kan ń dín ẹja. A gbọ́ bí òróró ṣe ń dún lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Gbogbo ọmọ náà gbọ́ ọ, kò sí èyí tó yíjú síbẹ̀. Èmi náà kò kan ilẹ̀kùn. Àgbà tó ti ní kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ tọrọ jẹ, báwo ni yóò ṣe nawọ́?

Mo wọ yàrá mi. Ànàmọ́ díẹ̀ wà nílẹ̀ tí mo fi ń ṣe oúnjẹ alẹ́. Mo bó o fúnra mi, mo kó o sínú ìkòkò ńlá yẹn, ó ń rìn gbọ̀lọ̀ nínú rẹ̀. Igi tútù. Mo fẹ́ iná títí ojú mi fi pọ́n, ó gbiná díẹ̀, ó kú. Sikirat wá fẹ́ ẹ, ó tún kú. Nígbà tó yá, mo yọ ọ́ bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ ṣì le, mo pín in fún wọn. Kò tó ẹyọ kan lọ́wọ́ ọmọ kan. Wọ́n jẹ ẹ́ tán. N kò mọ ohun tó mú mi béèrè. Bóyá mo fẹ́ kí ẹnì kan tù mí nínú. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n yó.

Sikirat wo àwọn yòókù, ó wá wò mí. Ó ní, "A ti yó, Bàbá. Ẹ má da ara yín láàmú."

Gbogbo wọn mi orí. Wàsíù, tó kéré jù nínú wọn, ṣì ń lá ìka rẹ̀. Sikirat rọra fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn ara rẹ̀ kí n má baà rí i.

Mo ti sin òbí, mo ti sin ìyàwó, mo ti sin ọmọ. Kò sí ohun tó tẹ orí mi ba tó ọwọ́ kékeré tí wọ́n fi pamọ́ fún mi yẹn. Nígbà tiwa, àgbà ló ń bo àṣírí ọmọ. Nísinsìnyí ọmọ tí ebi ń pa ń bo àṣírí mi, ó ń parọ́ kí n lè lọ sùn.

Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ti ti ilé ìwé dé, mo wọ bùbá mi, mo mú ọ̀pá, mo ní kí wọ́n mú àwo wọn. Ìyá Sikirat dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, ó wò wá títí a fi yà. A gba iwájú mọ́ṣáláṣí kọjá, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń jókòó sí. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé níbo là ń lọ. Ó ṣe mí bíi kí n ní à ń lọ kí aláìsàn.

Mo ní, "Mo ń mú àwọn ọmọ lọ jẹun ni."

Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe dákẹ́ títí tí a fi kọjá ojú irin.

Mummy Tíṣà rí wa lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ọkàn mi, kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Ó kúnlẹ̀ bó ṣe kúnlẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, ó ní ẹ káàbọ̀, Daddy, ó sì pe àwọn ọmọ ní orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò gbàgbé ẹyọ kan. Wàsíù tí kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré sáré lọ dì mọ́ aṣọ rẹ̀. Ojú tún tì mí níbẹ̀, nítorí mo rí i pé kì í ṣe oúnjẹ nìkan ni mo ti gbà lọ́wọ́ wọn.

Wọ́n fi mí sórí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀wà àti gààrí ni. Obìnrin kan gbàdúrà lórúkọ Jésù, mo sì gbọ́ tí àwọn ọmọ wa ń sọ bísímílà wọ́ọ́rọ́wọ́ nísàlẹ̀ rẹ̀, bí ẹni tó ti ń ṣe é tipẹ́. Kò sí ẹni tó bá wọn wí. Mummy Tíṣà gbé àwo kan wá síwájú mi. Mo ní mo ti jẹun. Sikirat sọ ọ́ jẹ́ẹ́, láìgbé ojú sókè, pé Bàbá kò tíì jẹun láti àná.

Mummy Tíṣà kò wo ojú mi. Ó ń nu bẹ́ǹṣì. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Daddy, ẹ bá wa bá wọn jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ yìí kì í fi oúnjẹ ṣeré bí àgbà bá jókòó tì wọ́n."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bò mí láṣọ. Mo jẹ ẹ́. Mi ò ní parọ́ fún yín, ó dùn, mo sì jẹ ẹ́ tán. Wọ́n ní bí ebi bá wọnú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún mi. Ebi ń lọ, ọ̀rọ̀ ń wọlé. Ẹ̀sìn obìnrin náà kọ́ ló ń dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé gbogbo wa nínú agboolé wa, oníṣòwò, Alhaji, òṣìṣẹ́ ìjọba, kò sí ẹni tó lè ṣe ohun tí opó yìí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe lójoojúmọ́. Dípò kí á lọ bá a gbé igi ìdáná, ọ̀rọ̀ orúkọ là ń bá a sọ.

Àwọn ọmọ náà ṣì ń lọ. Sikirat ń ka ìwé tó nípọn báyìí. Èmi náà máa ń lọ nígbà mìíràn, mo máa ń bá wọn ṣa ẹ̀wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú mi kò ríran tó, òkúta sì máa ń ṣẹ́kù. Àwọn ẹgbẹ́ mi kò bi mí léèrè mọ́. Ojú sì ń tì mí síbẹ̀ bí mo bá ń lọ, ojú ń tì mí bí mo bá ń bọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mú wọn padà yẹn, fóònù mi dún. Alhaji Múdà ni. Ẹnì kan ti sọ fún un. Ó ní òun gbọ́ pé mo kó àwọn ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà sì jẹun níbẹ̀. Mo retí ariwo. Ṣùgbọ́n ó fi ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí béèrè bóyá àwọn ọmọ yó.

Mo ní wọ́n yó.

Ó ní Alhamdulillah. Kò ní àwíjàre, n kò sì bi í nípa àpò oúnjẹ tí a retí títí. A wà bẹ́ẹ̀, àwa àgbà méjì, olúkúlùkù gbé fóònù sétí.